Ẹni tó o bá yàn ló o yàn: ohun tí mo rí nínú Velogames

Velogames jẹ́ eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti ń yan àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, tí ohun tí wọ́n bá ṣe níbi ìdíje gidi á sì máa mú póìntì wá fún un. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó kó wa wọnú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo wà lókè bọ́ọ̀sì, ni Ẹ̀gbọ́n Lewisham bá pè mí. Kò kí mi, kò béèrè ọmọ, kò béèrè iṣẹ́, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "Ọmọ Eritrea yẹn ti gbà á o! Ó ti gbà á!" Mo ní kí ló gbà. Àṣé Biniam Girmay ni, ó ti já gbogbo wọn sílẹ̀ ní Turin ní sítéèjì kẹta Tour de France, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó máa gba sítéèjì kan níbẹ̀, ìdíje kẹ̀kẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń gùn látọdún 1903, ìrìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní sítéèjì. Mo délé mo wò ó lórí YouTube, mo tún un wò, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Kí oṣù yẹn tó parí ó ti gba mẹ́ta, ó sì gbé jẹ́sì aláwọ̀ ewé, ti ẹni tó ní póìntì jù, dé Nice níbi tí wọ́n parí ẹ̀ sí lọ́dún yẹn. Látìgbà yẹn ni kẹ̀kẹ́ ti wọ̀ wá lára.

Bọ́ọ̀lù la mọ̀ tẹ́lẹ̀, Arsenal, Chelsea, Man U, ibẹ̀ la ti ń bára wa jà. Kẹ̀kẹ́ lójú tiwa, ohun tí bàbá àgbà fi ń lọ sóko ni, àbí èyí tí àwọn ọmọ fi ń gbé oúnjẹ kiri Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé èèyàn lè jókòó wò ó fún wákàtí márùn-ún kí àyà ẹ̀ máa já.

Nígbà tó wá di 2025, Ẹ̀gbọ́n ní wíwò lásán ò tó mọ́, ẹ jẹ́ ká máa sọ ẹni tó máa ṣe dáadáa ká tó rí i, ká lè mọ ẹni tó lójú nínú wa. Ìyá Ìbejì ní tó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ ni, kí wọ́n yọ òun kúrò, òun ti rí ohun tí tẹ́tẹ́ fojú ilé rí, kọ́bọ̀ kan ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Bá a ṣe dé orí Velogames nìyẹn, torí pé ọ̀fẹ́ ni, èèyàn kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni, ẹ sì lè dá líìgì kékeré sílẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà níbẹ̀. Àwa márùn-ún la wọ̀ ọ́: èmi, Ẹ̀gbọ́n Lewisham tó ń wa bọ́ọ̀sì, Ìyá Ìbejì, àbúrò mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ní Leeds, àti ọ̀rẹ́ mi kan tó wà n'Íbàdàn, Àlàájì là ń pè é. Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló máa ra àmàlà fún gbogbo ilé, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran á sì pé síbẹ̀.

Bí eré náà ṣe ń lọ rèé. Wọ́n á fún ẹ ní kírẹ́dììtì 100. Gbogbo àwọn tó máa gun kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti dá iye lé lórí, o sì máa fi 100 yẹn ra mẹ́sàn-án. Kì í ṣe mẹ́sàn-án tó bá ṣáà ti wù ẹ́ o. Méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tó mọ gbogbo ẹ̀ ṣe, àwọn tó lè gba jẹ́sì yẹ́lò tó jẹ́ ti aṣíwájú gbogbo ìdíje, méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú òkè gígùn, ẹyọ kan máa jẹ́ sprinter, ìyẹn ẹni tó ń sáré bí iná nígbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n dé òpin, mẹ́ta máa wá látinú àwọn tí wọn ò pín sábẹ́ nǹkan kan, ìkẹsàn-án ni wild card, ìyẹn ẹnikẹ́ni tí ọkàn ẹ bá yàn. Lójoojúmọ́ wọ́n á fún àwọn tó ò ń fọkàn tán yìí ní póìntì: ipò tí wọ́n wà ní sítéèjì ọjọ́ yẹn, ipò tí wọ́n wà nínú gbogbo ìdíje lápapọ̀, òkè tí wọ́n kọ́kọ́ gùn dé orí ẹ̀, bí wọ́n bá sá síwájú agbo tí wọ́n pẹ́ níwájú, kódà tí ẹni tí wọ́n jọ wà nínú tíìmù kan bá ṣe dáadáa, póìntì díẹ̀ máa kan àwọn náà, torí wọ́n gbà pé wọ́n ràn án lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ jù wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí.

Òfin kan wá wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo èyí. Tí sítéèjì àkọ́kọ́ bá ti gbéra, ó parí. O ò lè pààrọ̀ ẹnì kankan mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, sítéèjì mọ́kànlélógún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta fantasy ti Premier League, ẹ mọ̀ pé tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹnì kan bá dùn ún ní Sátidé, ẹ ti lè fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀ kó tó di Friday. Níbí kò sí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú, ó ṣubú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé ìkà ni òfin yẹn. Èmi ò gbà. Èmi sọ pé òun ló jẹ́ kí eré yìí dára ju gbogbo àwọn tó kù tí mo ti dán wò lọ, mo sì máa sọ ìdí ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, Friday, ọ̀la ni wọ́n máa gbéra ní Lille, gbogbo wa kóra jọ sí pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi wà lórí fídíò láti Leeds, Àlàájì wà lórí fídíò láti Ìbàdàn, iná ń lọ iná ń bọ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀. Agunkẹ̀kẹ́ 184 ló wà nílẹ̀, tíìmù 23, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ohun tó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ ni Tadej Pogačar. Ọmọ Slovenia yìí ti gba Tour lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà yẹn, òun ló wọ́n jù, tó o bá rà á, ìdá tó pọ̀ nínú owó ẹ ti lọ, o wá máa fi ṣẹ́ńjì ra àwọn mẹ́jọ tó kù. Àlàájì, tó jẹ́ pé ó mọ púùlù dáadáa láyé ọjọ́un, ní "Ẹ má bá a jà, bánkà ni. Ta ló ń ta púùlù tó ń fi bánkà sílẹ̀?" Bánkà, ìyẹn èyí tó dájú pé ó máa wọlé. Àwa mẹ́rin rà á. Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Ó ní òun ò lè máa sin ẹni tí gbogbo ayé ń sìn, ó ní iye tí wọ́n ń pè é yẹn òun máa fi ra Jonas Vingegaard, òun á ra Remco Evenepoel, òun á tún ra Primož Roglič kún un, ẹni mẹ́ta ju ẹnì kan lọ. A bẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìbejì bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ti wa bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù tó ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀yin náà mọ̀ pé tó bá ti yí sítíàrì, ó ti yí i nìyẹn.

Ìyá Ìbejì mú Jonathan Milan ní sprinter. Ó ní òun wo ọmọkùnrin náà, ó ga, ó lágbára bí ọmọ tí wọ́n fi iyán tọ́. A ń rẹ́rìn-ín. Èmi mú Jasper Philipsen, ará Belgium, torí mo ti kà pé kò sẹ́ni tó yá ju òun lọ nígbà tó bá ku igba mítà, tíìmù ẹ̀ sì ní Mathieu van der Poel tó máa ń fà á dé ibi tó ti máa bọ́ síwájú. Wild card tèmi, mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì, Girmay ni. Ẹ lè pè é ní ìfẹ́, ìfẹ́ náà ni.

Lọ́jọ́ kejì ní Lille, tó bá jẹ́ pé ẹ wà nílé mi ẹ máa rò pé ọba ló ń kọjá. Atẹ́gùn fọ́ agbo sí wẹ́wẹ́, àwọn bíi mélòó kan ló ṣẹ́ kù níwájú, nígbà tí wọ́n sì máa dé òpin, Philipsen ló ṣíwájú, ẹni tó tẹ̀ lé e? Girmay. Àwọn méjèèjì, tèmi ni. Èmi ló wà lókè líìgì wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, títí kan ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ kẹta, Monday, wọ́n ń lọ sí Dunkirk. Kì í tiẹ̀ ṣe òpin ìrìn. Láàárín ọ̀nà báyìí, níbi tí wọ́n ti máa ń du póìntì ti jẹ́sì aláwọ̀ ewé, Philipsen wọ jẹ́sì ọ̀hún lọ́rùn, ẹnì kan fara kan ẹlòmíì, ó bọ́ sí i lára, ó sì balẹ̀ gbì. Mo rí bó ṣe jókòó sílẹ̀ tó di apá mú, mo ti mọ̀. Eegun èjìká ẹ̀ ti kán. Ọjọ́ mẹ́ta, sprinter mi ti lọ, sítéèjì méjìdínlógún ló sì kù.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gba èèyàn láyè láti pààrọ̀, màá ti yọ ọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, màá fi Milan rọ́pò, màá sì gbàgbé ẹ̀. Torí pé mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí mo ṣe ni pé mo wá jókòó wo àwọn tó kù nínú mẹ́sàn-án mi, àwọn tí mo kàn rà torí pé owó mi ti tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn nínú agbo. Mo mọ nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn. Mo mọ ẹni tó máa ń gbé omi fún ọ̀gá ẹ̀, tó máa padà sẹ́yìn lọ síbi ọkọ̀ tíìmù, tó máa ki ìgò omi méje mẹ́jọ bọ inú jẹ́sì bí aláàárù, tó tún máa gùn ún padà lọ síwájú. Kí ló kan ẹnikẹ́ni nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àmọ́ tó bá wà nínú mẹ́sàn-án ẹ tí sprinter ẹ sì ti lọ, ojú ẹ á wà lára ẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ kẹ̀kẹ́ nìyẹn, kì í ṣe látara Pogačar.

Àbúrò mi ló jẹ́ kí gbogbo wa rí i kedere. Nínú àwọn tó rà ní owó pọ́ọ́kú, ọmọ Norway kan wà tó ń jẹ́ Jonas Abrahamsen. Nígbà tó dárúkọ ẹ̀ lálẹ́ Friday yẹn, Ẹ̀gbọ́n ní "Ta nìyẹn?" Ọmọ yìí ti ṣubú níbi ìdíje kan ní Belgium, eegun èjìká ẹ̀ kán, kò tíì pé oṣù kan sígbà yẹn tí Tour fi bẹ̀rẹ̀, tó sì tún gun kẹ̀kẹ́ padà. Àbúrò mi ní ẹni tó lè ṣe irú ìyẹn, ó nídìí tó fi wá.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Keje, Toulouse. Ilé àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo wà lórí ìsinmi ọ̀sán, bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló gùn nígbà èwe ẹ̀, òun àti èmi la jọ jókòó ti fóònù mi. Òun ló kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi ìdí tí àwọn tó sá síwájú fi máa ń fẹ́ràn ara wọn títí tó fi máa ku kìlómítà kan, tí wọ́n á wá dọ̀tá lójijì: ẹni tó bá wà lẹ́yìn ẹlòmíì, atẹ́gùn ò bá a jà, ó ń fi agbára pamọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ wà níwájú nígbà tó bá kù díẹ̀. Abrahamsen ti wà níwájú láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra o, ẹ gbọ́ mi! Ó wá ku òun àti Mauro Schmid ará Switzerland, Van der Poel ń bọ̀ lẹ́yìn wọn bí ìjì, o lè rí i nínú àwòrán, ó ń tóbi sí i. Bàbá di apá mi mú. Ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dúró. Kinní yẹn ń yí, ó ń yí, ojú Abrahamsen dúró sójú kan, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ fóònù tí mò ń sanwó fún lóṣooṣù, mi ò ní dárúkọ wọn, ọjọ́ yẹn wọ́n ṣẹ̀ mí.

Ohun tó kọ́kọ́ wọlé ni ohùn àbúrò mi lórí Wọ́sáàpù, igbe lásán ni, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá igbe. Mo gbé e fún bàbá gbọ́. Ó ní "Ó gbà á, àbí?" Ó gbà á. Díẹ̀ báyìí ló fi ṣíwájú Schmid, ó ti táyà síwájú ni. Sítéèjì àkọ́kọ́ tí tíìmù ẹ̀ máa gbà ní Tour láyé ni. Nínú gbogbo líìgì wa, àbúrò mi nìkan ló ní in. Owó tó rà á ò tó nǹkan, èrè ẹ̀ ló gbé e kọjá gbogbo wa lọ́jọ́ yẹn.

Àlàájì náà ò gbẹ́yìn ṣá. Ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀, bó ṣe ń ka ìwé púùlù ló ṣe ń ka àbájáde ìdíje tó ti kọjá, ó rí i pé Ben Healy, ọmọ Ireland, ṣe ipò kẹta ní Liège–Bastogne–Liège, ìdíje ọlọ́jọ́ kan ní Belgium, ní oṣù Kẹrin, ó ní ẹni tó bá lè gun òkè kéékèèké wọ̀nyẹn fún ọjọ́ kan gbáko, Tour á gbà á láyè láti sá síwájú lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kan yẹn dé ní sítéèjì kẹfà, ó dá nìkan wọlé. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù náà ó wọ jẹ́sì yẹ́lò. Àlàájì ò rí i wò, kò ní ibi tó ti máa rí i wò, àwa la máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i bí ẹni ń ka bọ́ọ̀lù lórí rédíò, "ó ti kúrò, ó ti kúrò, wọn ò lé e," ó ní òun máa ń gbé fóònù sétí nínú ọjà Dùgbẹ̀ táwọn èèyàn á máa wo òun. Nígbà tí wọ́n dé òkè Mont Ventoux, àfi díẹ̀ kíún ni Healy ì bá tún fi gbà á, Valentin Paret-Peintre ará Faransé ló já a gbà lójú òpin gan-an.

Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn mọ́ ọn, Evenepoel gba eré àdágùn ní Caen, ìyẹn èyí tó jẹ́ pé kálukú ló ń dá gùn tó ń bá aago jà, ó pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi yọ̀ wá. Òkè Hautacam ló bà á jẹ́. Pogačar ti ṣubú lánàá ẹ̀ ní Toulouse, apá ẹ̀ bó, àwọn tó kù tiẹ̀ dúró dè é, Ẹ̀gbọ́n ń sọ pé ẹ wò ó bóyá á lè gùn lọ́la. Ó gùn o. Ó fi ìṣẹ́jú méjì àti àáyá mẹ́wàá ju Vingegaard sílẹ̀ ní òkè kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì ó tún gba eré àdágùn ní Peyragudes, kìlómítà mọ́kànlá tó gun òkè tààrà. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Evenepoel sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Tourmalet, ó rẹ̀ ẹ́, kò lè lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ò gbé fóònù lálẹ́ yẹn. Ìyàwó ẹ̀ ló gbé e, ó ní ó ti sùn. Agogo méje alẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ṣebí ohun tí mò ń sọ nìyẹn, òfin yẹn ba eré jẹ́ fún Ẹ̀gbọ́n àti fún mi. Kò bà á jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Ẹ̀gbọ́n ò fi wá sílẹ̀. Nínú fantasy bọ́ọ̀lù wa, tó bá ti di oṣù Kìíní, méjì nínú márùn-ún ti gbàgbé tíìmù wọn, torí iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, gbogbo ọ̀sẹ̀ lo máa ṣètò. Níbí ọwọ́ ẹ ti dè, kò sí iṣẹ́ kankan fún ẹ ju pé kó o wò ó, kó o gbàdúrà, kó o sì pe ọ̀rẹ́ ẹ. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ẹni tó lọ́mọ kéékèèké, ẹni tó wà n'Íbàdàn tí iná ò sí, gbogbo wọn ló lè ṣe é dọ́gba. Ìyá Ìbejì ò mọ ohunkóhun nípa kẹ̀kẹ́ ní oṣù Kẹfà. Milan tó mú gba sítéèjì méjì, Laval àti Valence, ó sì gbé jẹ́sì aláwọ̀ ewé wọ Paris. Florian Lipowitz tó rà torí pé orúkọ ẹ̀ dùn lẹ́nu ẹ̀ ṣe ipò kẹta nínú gbogbo ìdíje. A ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tí màá fẹ́ kí wọ́n tún ṣe wà o. Ẹyọ sprinter kan tí wọ́n ní ká mú yẹn, tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ bíi ti Philipsen, àyè yẹn á ṣófo fún ọjọ́ méjìdínlógún, ó máa dáa ká lè yan ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó jẹ́ pé tẹ́ni àkọ́kọ́ bá jáde kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, òun á wọlé. Ìlànà póìntì náà gùn, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó yan, torí àwa ò kà á dáadáa, a ò mọ̀ pé póìntì ti ẹni tó ran ọ̀gá ẹ̀ lọ́wọ́ lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ra ọmọ tíìmù Pogačar kan mọ́ Pogačar ti jèrè láìlàágùn. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan máa tàn yanranyanran, àwòrán rẹpẹtẹ, fídíò, kò sí ìyẹn níbẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà ni. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣí kíá lórí fóònù Àlàájì tí kì í ṣe tuntun.

Ọjọ́ tó parí, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje, ilé Ẹ̀gbọ́n náà la padà sí. Ní Paris tẹ́lẹ̀, mo gbọ́ pé ọjọ́ ìkẹyìn ọjọ́ ayẹyẹ ni, wọ́n á máa yà fọ́tò, wọ́n á mu wáìnì lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́dún 2025 yẹn wọ́n ní kí wọ́n gun òkè Montmartre lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títì olókùúta, òjò sì ń rọ̀. Wọ́n ti dá aago dúró, jẹ́sì yẹ́lò ti dájú fún Pogačar, ìgbà kẹrin ẹ̀, kò sí ohun tó ní láti wá lọ síwájú. Ó lọ síwájú. A rò pé á gbà á. Nígbà tí wọ́n gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, Wout van Aert dìde lórí kẹ̀kẹ́, o rí i tí èjìká ẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì, àyè tó wà láàárín òun àti Pogačar di kẹ̀kẹ́ kan, ó di méjì, pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, Ẹ̀gbọ́n tí kò ní Van Aert, tí kò ní Pogačar, dìde dúró pẹ̀lú ìgò málítì lọ́wọ́, ó ń sọ jẹ́jẹ́ pé "Máa lọ. Máa lọ. Máa lọ, ọmọ mi." Van Aert dá nìkan wọ Champs-Élysées, títì tí òpin wà.

Àbúrò mi ló gbégbá orókè, Abrahamsen, àti Oscar Onley ọmọ Scotland tó ṣe ipò kẹrin. Ìyá Ìbejì ṣe kejì. Àlàájì kẹta. Èmi kẹrin, Girmay ò rí sítéèjì gbà lọ́dún yẹn, ó súnmọ́ ọn, kò bọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ra àmàlà ní Peckham fún èèyàn mẹ́rìnlá, torí àwọn ìbejì náà wá, ó sì fi owó tiẹ̀ ránṣẹ́ sí Àlàájì kó lọ jẹ ẹ́ n'Íbàdàn níbi tó ti dùn jù.

Ẹ má gbàgbé ti àwọn obìnrin. Ìyá Ìbejì ló ní ká má tíì tú ká, a tún ta ti Tour de France Femmes, tó gbéra nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ti àwọn ọkùnrin parí. Kim Le Court ọmọ Mauritius wọ jẹ́sì yẹ́lò níbẹ̀, ó sì gba sítéèjì karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni, tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń bà yín lẹ́rù, ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣòro báyìí ni wíwò. Ọ̀fẹ́ la fi wo ti 2025 lórí ITV4 ní ilẹ̀ Bìrìtìkó níbí, Ned Boulting àti David Millar ló ń ṣàlàyé, a ti mọ ohùn wọn bí ohùn ará ilé. Ìyẹn ti dópin. Ti 2026, ọwọ́ TNT Sports ló bọ́ sí, ẹni tó bá fẹ́ wò ó bó ṣe ń lọ lọ́wọ́ máa sanwó. Ohun tí àwa fẹnu kò sí ni pé ilé kan ṣoṣo ló máa san án, ilé Ẹ̀gbọ́n, àwa tó kù á dáwó sí i, Sátidé àti Sunday ibẹ̀ la máa wà, ọjọ́ iṣẹ́ ẹni tó bá wà nílé á máa fi ohùn ránṣẹ́ bá a ṣe ń ṣe fún Àlàájì. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 2026 ni wọ́n máa gbéra ní Barcelona, alẹ́ ọjọ́ kẹta la máa yan mẹ́sàn-án wa. Lọ́dún 2027 Edinburgh ló máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn mo ti sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé mi ò ní sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun máa ra Pogačar lọ́tẹ̀ yìí. Wild card tèmi, ẹ ti mọ̀ ọ́n.